Ohun Tí Orúkọ Náà Túmọ̀ Sí

Bàbá mi àgbà, Gaolekwe, kò kàwé,
ṣùgbọ́n ó ka eṣinṣin fún ọdún mọ́kàndínlógún.
Ìjọba ló gbà á síṣẹ́ ní Shorobe:
òun níwájú, Oaitse lẹ́yìn,
aṣọ dúdú láàárín wọn lórí ọ̀pá méjì
bí ẹni gbé òkú tí kò wúwo.
Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á wo aṣọ.
Èyí tó bá bà lé e, àwọ̀n ni.
Oaitse á fi pẹ́ńsùlù kọ iye rẹ̀ sílẹ̀:
mẹ́rin lábẹ́ igi mopane,
òfo nínú koríko,
mọ́kànlá létí odò,
àti ọ̀kan lọ́rùn Gaolekwe, èyí tí wọn kò kọ.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin
nígbà tí tíṣà ní ká lọ béèrè nílé
kí ni tsetse túmọ̀ sí.
Ìwé wa ti sọ tirẹ̀ tán:
eṣinṣin tí ń pa màlúù.
Bàbá àgbà tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.
"Ta ló fi màlúù sí i?
Fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ já.
Ṣé o gbọ́ ọ? Òun ló ń pe ara rẹ̀.
Àwa kàn gbọ́ ni."

Ìyá àgbà ò gbà.
Ó ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
àwọn tó sọ eléyìí lórúkọ, ọgbà màlúù ni wọ́n wò:
ẹ̀gún tí wọ́n fi ṣọgbà ṣì dúró,
ìgbẹ́ ti gbẹ,
agogo Phatshwana wà lórí èèkàn,
kò sí ọrùn.
Ó wá ń ka orúkọ màlúù bàbá rẹ̀ fún mi,
mẹ́tàdínlógójì, láìfo ọ̀kan,
èyí tí irun rẹ̀ kọ́kọ́ dìde,
èyí tó rù títí a fi lè ka ìhà rẹ̀ láti òkèèrè,
Phatshwana tí ọmú rẹ̀ gbẹ
nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń fi orí kàn án.
Títí ó fi parí, kò dárúkọ kòkòrò náà.

Mo kọ èyí tó wà nínú ìwé. Mo gba máàkì.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á
pé tsetse kì í yé ẹyin bí eṣinṣin ilé.
Ọmọ kan ṣoṣo ló ń lóyún lẹ́ẹ̀kan,
inú ara rẹ̀ ló ti ń fún un lómú,
wàrà,
títí ọmọ á fi sanra tó ìyá.
Wàrà! Mo pa ìwé dé.
N kò sọ fún ìyá àgbà.

Ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò lóru
lókè eèsún, tí oògùn ń sọ̀ bí ìrì,
àwọn arúgbó méjì yìí tún gbé aṣọ dúdú jáde,
ẹnikẹ́ni ò rán wọn.
Òfo lábẹ́ mopane. Òfo létí odò.
Oaitse kọ òfo títí pẹ́ńsùlù fi kú.
Nígbà tí òjò kejì rọ̀, màlúù ti dé bèbè omi,
ìyá àgbà ra abo kan, ó so agogo mọ́ ọn.
Bàbá àgbà ní, "Ó dáa."
Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní,
"Ta ni yóò wá máa sọ fún wọn pé ó tó, ẹ padà?"

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọmọ mi obìnrin
gba iṣẹ́ kan náà bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́.
Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ.
Ó ń kọ́ orúkọ náà lágbàlá,
afẹ́fẹ́ ń já gba ojú ihò:
tse, tse.

Bàbá àgbà ń tòògbé nínú oòrùn.
Ojú rẹ̀ ò là.
Ọwọ́ rẹ̀ fò, ó gbá ọrùn ara rẹ̀.